Alárinà Inú Àpò Ẹ̀wù

Tí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jẹ́, ẹ bi í pé aago mélòó ló lù. Á kọ́kọ́ yíjú sí fèrèsé. Á wo ibi tí oòrùn dé lára ògiri. Á wá rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Ó ti tó àkókò kan." Àkókò wo? Ẹ má bi mí. Èmi tí mo ti ń bá a gbé látìgbà tí mo ti gbọ́njú, mi ò tíì mọ̀. Nínú ilé alájà púpọ̀ tí a ti ń ṣiṣẹ́, Rọra ni gbogbo èèyàn ń pè é. Èmi àbúrò rẹ̀, Ata ni wọ́n ń pè mí. Ẹni tó sọ wá lórúkọ kò purọ́ mọ́ wa.

Kọ̀ǹpútà ni Rọra ń tún ṣe, àwọn ńlá tó ń dúró sórí tábìlì, kì í ṣe èyí tí à ń gbé lé itan. Èmi ni mò ń gba oníbàárà lálejò, èmi ni mò ń gba owó, èmi náà ni mò ń bá wọn jà. Bí kò bá sí mi ni, ọ̀fẹ́ ni ì bá máa ṣe é fún gbogbo ayé, á tún bu omi tútù fún wọn mu lé e.

Nínú gbogbo iṣẹ́ náà, èyí tó fẹ́ràn jù ni kó mú prósẹ́sọ̀ bá bọ́ọ̀dù mu. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Prósẹ́sọ̀ ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà: nǹkan pẹlẹbẹ báyìí, tó ṣe é pa mọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, tó ní ẹsẹ̀ wínníwínní lábẹ́ bí irun búrọ́ọ̀ṣì. Bọ́ọ̀dù ni pátákó tí ọpọlọ yẹn ń jókòó lé, tí gbogbo ẹ̀yà yòókù sì so mọ́. Kì í ṣe gbogbo prósẹ́sọ̀ ló lè bá gbogbo bọ́ọ̀dù gbé. Òmíràn wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá ihò ìjókòó mu. Òmíràn wà tó bá a mu, ṣùgbọ́n iná tí bọ́ọ̀dù ń fún un kò tó o. Rọra á gbé wọn ka iwájú, á máa wò wọ́n, á máa wò wọ́n, títí tí ọwọ́ rẹ̀ á fi lọ bá èyí tó yẹ.

Èmi a ní, "Bọ̀dá, ẹ̀ ń wá ìyàwó fún irin, ẹ̀yin fúnra yín ń dá sùn."

Á ní, "Ata, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"Ó ń gbó o! Kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ó ń gbó!"

Yàrá wa wà lókè pátápátá. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, ó gùn láti ògiri dé ògiri, gíláàsì rẹ̀ sì ti pẹ́ débi pé ó ti ní àwọ̀ ewé díẹ̀. Bí oòrùn ọ̀sán bá gba ibẹ̀ wọlé, ńṣe ni yàrá náà máa ń dà bí inú ìgò omi. Eruku á máa sọ̀ kalẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ náà, kò ní kánjú rárá, bíi pé òun náà jẹ́ ẹbí Rọra. Fáànù àwọn ẹ̀rọ tí à ń dán wò á máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lábẹ́ tábìlì. Kò sẹ́ni tó máa pẹ́ níbẹ̀ tí oorun ò ní gbé e lọ. Mo rí lọ́yà kan tó fi ìbínú gun àtẹ̀gùn wá, tó ní ẹ̀rọ òun ti pẹ́ jù lọ́dọ̀ wa, òun á pè wá lẹ́jọ́. Ìjókòó méjì péré ló wà nínú yàrá, ti Rọra àti tèmi, nítorí náà mo ní kó fìdí lé orí àpótí. Kí n tó yíjú padà, lọ́yà ti ń hanrun. Nígbà tó jí, ó bi wá pé ṣé òun ń lálàá ni, àbí ẹnìkan kọrin. Ó dúpẹ́, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀, ó lọ.

Àlá ni oúnjẹ àárọ̀ Rọra. Bí a bá ń mu tíì, á máa rọ́ ọ fún mi. Ó ní òun a máa fò lókè ìlú kan tí ilé ibẹ̀ dúdú, tí gbogbo títì rẹ̀ jẹ́ bàbà pọ́ńbélé, tí kò sí ariwo ọkọ̀ kankan. Ó ní òun a máa wá ilé kan níbẹ̀.

"Ilé ta ni?"

"Mi ò tíì kàn án."

Ìyá wa ló kọ́kọ́ rí i pé bó ṣe máa rí nìyẹn. Aránṣọ ni ìyá wa. Bí ojú bá ti ń rẹ̀ ẹ́, á ní kí Rọra bá òun fi òwú wọ abẹ́rẹ́. Ọmọ á gbé abẹ́rẹ́ sókè sí ìmọ́lẹ̀, á di ojú kan, á máa gba ihò rẹ̀ wo ìta. Ìyá wa á dúró, á dúró, á wá pariwo pé, "Ṣé o ti gba ibẹ̀ jáde ni?" Nígbà tí ìyá wa fi ayé sílẹ̀, Rọra ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu irùngbọ̀n ni, èmi sì kéré. Òun ló ń se oúnjẹ fún mi. Òun ló ń di irun mi, irun mi á rí bí ìtẹ́ ẹyẹ tí ológbò ti dé, màá sì gbé e lọ sílé ìwé bẹ́ẹ̀, mo máa bá ẹni tó bá fi mí rẹ́rìn-ín jà. Bí àwọn ẹbí bá bi í pé ìgbà wo ló máa gbé ìyàwó, á ní kí Ata kọ́kọ́ parí ilé ìwé ná. Ata parí. Ó ní kí Ata kọ́kọ́ ríṣẹ́. Ata wá bá a ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn, kò rí nǹkan tó máa wí mọ́, ewú sì ti dé sí ẹ̀bá etí rẹ̀. Ó ń dùn mí. Mi ò ní purọ́, ó ń dùn mí gan-an, torí mo mọ ẹni tó tìtorí ẹ̀ jókòó.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni obìnrin kan wọlé. Ó gbé páálí bọ́ọ̀dù sábẹ́ apá, ó sì di nǹkan kékeré kan mọ́ inú ìborùn, ó ń gbé e bí ẹni gbé ẹyin. Kì í ṣe ọmọdé, kì í sì í ṣe àgbàlagbà. Ojú rẹ̀ jọ ojú ẹni tí kò tíì sùn dáadáa látìgbà díẹ̀. Ó ní ayàwòrán-ilé ni òun, òun ló ń ya bí ilé á ṣe rí kí àwọn kọ́lékọ́lé tó gbẹ́ ilẹ̀.

Ó tú ìborùn náà, prósẹ́sọ̀ kan ló wà níbẹ̀. Ó ní àrá ló sán, tó ba bọ́ọ̀dù òun jẹ́. Òun ti lọ ra òmíràn.

"Mo bi ẹni tó tà á fún mi pé ṣé ó máa wọlé. Ó ní ó máa wọlé. Ó sì wọlé lóòótọ́. Fáànù ń yí. Àmọ́ ojú ẹ̀rọ dúdú kirimú, kò sí nǹkan kan níbẹ̀." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá mi ló ra prósẹ́sọ̀ yìí fún mi. Bíríkìlà ni wọ́n. Nígbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀, wọ́n ní kí n máa fi ya àwọn ilé tí àwọn ò ní lè kọ́ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àrá ti pa á ni?"

Rọra gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Ó gbé e lọ sójú fèrèsé, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó yọ bọ́ọ̀dù nínú páálí, ó ka nǹkan tí wọ́n kọ sí i létí. Mo mọ ojú tó ṣe yẹn. Ó ti rí i.

Ó ní, "Kò jọ pé ó kú. Wọn ò mọra ni."

"Ṣebí ó wọlé?"

"Ó wọlé. Wíwọlé ọ̀tọ̀, mímọra ọ̀tọ̀." Ó wá ṣàlàyé fún un wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bó ṣe máa ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Ó ní gbogbo bọ́ọ̀dù ló ní iyè kékeré kan tí wọ́n fi sí i láti ilé iṣẹ́. Prósẹ́sọ̀ tó bá ti wà nígbà náà nìkan ni iyè yẹn mọ̀. Bọ́ọ̀dù tó rà ti pẹ́, prósẹ́sọ̀ bàbá rẹ̀ dé lẹ́yìn rẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù kò mọ ẹni tó jókòó lé òun, ó sì panu mọ́.

"Kí la wá máa ṣe?"

"A máa wá alárinà. Prósẹ́sọ̀ àtijọ́ kan, tí bọ́ọ̀dù yìí mọ̀. A máa kọ́kọ́ fi ìyẹn síbẹ̀, ẹ̀rọ á tàn, a ó fi ìmọ̀ tuntun sínú iyè bọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn náà, a ó yọ alárinà kúrò, a ó fi tiyín sí i."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní, "Bójú bá mọjú tán, alárinà a yẹ̀bá."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni."

Kó tó fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ fún wa lọ, ó rí dígí ńlá tí Rọra fi ń wo nǹkan kéékèèké. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo bọ́ọ̀dù rẹ̀ láti inú dígí. Ó pẹ́ kó tó gbójú sókè.

"Háà," ó ní, "ìlú lèyí! Ẹ wo títì. Ẹ wo ilé. Ta ló yà á?"

Ẹ̀gbọ́n mi ń fi akísà nu tábìlì tí kò dọ̀tí. Etí rẹ̀ pọ́n. Ẹni tó ti ń rọ́ àlá ìlú yẹn fún mi láti ọdún gbọọrọ, tí mo máa ń sọ fún pé kó jẹun kí tíì má tutù. Ohun tó kàn rí sọ ni pé, "Alárinà ò sí nílẹ̀ báyìí. Mò ń wá a. Ẹ máa wá wò ó."

Obìnrin náà sì ń wá wò ó lóòótọ́. Ọ̀sọ̀ọ̀sán ló ń wá. Á kí mi, á ní, "Ṣé alárinà ti dé?" Rọra á ní kò tíì dé. Kàkà kó yí padà, á fìdí lé àpótí, á yọ pépà ńlá, á máa fi pẹ́ńsù ya ilé rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ò sí. Rọra á máa ṣiṣẹ́. Nígbà míì, ọ̀rọ̀ kan ò ní jáde lẹ́nu wọn títí ìmọ́lẹ̀ á fi rìn láti ara ògiri kan dé èkejì. Pẹ́ńsù á máa họ pépà, fáànù á máa mí. Obìnrin náà á kàn dédé sọ pé, "Níbo lẹ fẹ́ kí fèrèsé ẹ̀ kọjú sí?" Rọra á ní, "Ibi tí oòrùn ti ń wọ̀." Á yà á bẹ́ẹ̀. Tí mo bá ní kí n tòògbé, mo máa ń rò pé inú ilé tó ń yà yẹn ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sí.

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ aṣọ. Ó ń ya irun. Mo bi í lọ́sàn-án ọjọ́ kan pé aago mélòó ló lù, ó ní, "Ó ku díẹ̀ kó dé." Mo ní yéè! Rọra mọ aago!

Mo wá ń dúró kó sọ̀rọ̀. Kò sọ nǹkan kan. Bí obìnrin náà bá ti lọ tán, mo máa bẹ̀rẹ̀: "Bọ̀dá, ṣé kí n yá yín lẹ́nu mi ni?" Á ní kí n rọra. "Ẹni tó bá rọra títí, ọjà á ti tú kó tó débẹ̀! Ẹ sọ fún un pé ó wù yín!" Á rẹ́rìn-ín, á gbé dígí rẹ̀, á máa wo nǹkan tí kò bàjẹ́.

Lọ́jọ́ kan ni mo bá obìnrin náà lórí àtẹ̀gùn, ó dúró síbẹ̀ ó gbé orí lé ògiri. Ó ní ẹni tó gbé iṣẹ́ fún òun ti sọ pé àwòrán tí wọ́n fi pẹ́ńsù yà kò wúlò, bí òun ò bá gbé ti kọ̀ǹpútà wá kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹni náà á gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíì. Ó ní tí ìyẹn bá lọ, òun á palẹ̀ mọ́, òun á lọ bá ẹ̀gbọ́n òun obìnrin nílùú tó jìnnà, wọ́n ní iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ fún òun. "Mi ò fẹ́ lọ," ó ní. "Àmọ́ kí ni mo fẹ́ máa jókòó ṣe?" Mo ní kó fọkàn balẹ̀, a máa rí alárinà náà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo fẹ́ fọ aṣọ nílé. Mo ń tú àpò ẹ̀wù Rọra kí n tó rì í sómi, ọwọ́ mi ba ike kékeré kan. Mo ṣí i. Prósẹ́sọ̀ àtijọ́ ni. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, torí inú dúrọ́ọ̀ wa ló máa ń wà, ó sì ti ṣe alárinà fún ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù. Ìgbàkígbà tí Rọra bá yọ ọ́ kúrò tó ń dá a padà sínú ike, á ní, "O ṣeun, àgbà." Mo dúró níbẹ̀, ọṣẹ ń kán lọ́wọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n mi tí kò purọ́ rí láyé!

Mo gbé e lọ bá a. "Bọ̀dá, kí lèyí?"

Ó wò ó, ó wò mí, ó wá wo ilẹ̀. "Tí mo bá fi síbẹ̀, ẹ̀rọ á tàn."

"Ẹ̀n-ẹ́n?"

"Tó bá tàn, á gbé e lọ."

Ẹ gbà mí o. Mo jókòó tì í. Mo sọ ohun tí obìnrin náà bá mi sọ fún un, títí kan ìlú tó jìnnà. Mo ní, "Bí ẹ bá ṣe é, ó lè lọ. Bí ẹ ò bá ṣe é, ó ń lọ. Èwo lẹ fẹ́ nínú méjèèjì?"

Ó gba ike náà lọ́wọ́ mi. "Jẹ́ kí n sùn lé e."

"Ẹ sùn lé kí ni? Ṣé bẹ́ẹ̀dì ni?"

Ó sùn lé e. Bílẹ̀ ṣe mọ́, mo rí i tó wọ ẹ̀wù míì, mo sì rí ike náà tó yọ nínú àpò. Mo ní nínú ọkàn mi pé, ẹ jẹ́ ká máa wo ọmọ ìyá mi níran.

Lọ́sàn-án, obìnrin náà dé. Kò béèrè alárinà. Kò fìdí lé àpótí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ́ ìborùn rẹ̀ sórí tábìlì, ó gbé prósẹ́sọ̀ bàbá rẹ̀ sáàárín rẹ̀.

"Ẹ má bínú," ó ní, "ẹ ti gbìyànjú. Ó ti rẹ̀ mí ni. Bóyá ó ti kú lóòótọ́, tí ẹ kàn ń fi ọ̀rọ̀ tù mí nínú. Mo fẹ́ máa gbé e lọ."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìborùn, igun kan, igun kejì. Mo wo Rọra. Rọra ń wo fèrèsé. Ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, mo rí i pé ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò jáde. Ẹ̀jẹ̀ mi ru. Olójú ò ní lajú rẹ̀ sílẹ̀ kí tàlùbọ̀ wọ̀ ọ́. Mo dìde, mo ki ọwọ́ bọ àpò ẹ̀gbọ́n mi, mo gbé ike náà kalẹ̀ gbà lórí tábìlì.

Mo ní, "Alárinà dé."

Obìnrin náà wo ike, ó wo àpò ẹ̀wù. Mo rò pé Rọra á wolẹ̀, á máa wá irọ́ tó máa fi bò ó. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbójú sókè, ó wo obìnrin náà gan-an.

"Ó wà lọ́wọ́ mi láti ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ wá."

"Kí ló dé?"

"Tí ẹ̀rọ bá tàn, ẹ ò ní wá mọ́. Mo fẹ́ kí ẹ máa wá. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́." 

Omi lé ròrò sí obìnrin náà lójú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ìfẹ́, ẹ má tan ara yín jẹ. "Mo ń sunkún lé e lórí," ó ní. "Ẹ mọ̀ pé bàbá mi ló rà á. Ńṣe ló ń ṣe mí bíi pé wọ́n tún kú lẹ́ẹ̀kejì, inú àpò yín ni alárinà sì wà! Ẹ ṣe é. Ẹ ṣe é kí n máa lọ."

Rọra ní, "Ẹ máa bínú. Ó yẹ kí ẹ bínú." Ó fa ìjókòó rẹ̀ súnmọ́ tábìlì.

Ó fi alárinà sí ìjókòó inú bọ́ọ̀dù. Ó fi ìpara funfun tó ń jẹ́ kí ooru jáde pa á lórí, ó de fáànù mọ́ ọn, ó tanná. Ojú ẹ̀rọ tàn. Ó ki fíláàṣì kékeré tó gbé ìmọ̀ tuntun náà wá bọ̀ ọ́, ìmọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọnú iyè bọ́ọ̀dù, ìlà kékeré kan ń gùn díẹ̀díẹ̀ lójú ẹ̀rọ. Mo mọ ohun tó wà nídìí rẹ̀: bí iná bá lọ lásìkò yẹn, bọ́ọ̀dù ti kú nìyẹn. Kò sẹ́ni tó mira. Èmi Ata, mo panu mọ́. Obìnrin náà dúró sẹ́yìn Rọra, ó káwọ́ mọ́ àyà, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé bò wá, ó sì dà bíi pé a wà lábẹ́ omi, tí ẹnìkan nínú wa bá sọ̀rọ̀, omi á ya wọlé.

Ìlà náà dé òpin. Rọra paná, ó yọ alárinà. Ó gbé prósẹ́sọ̀ bàbá obìnrin náà, ó fi dígí wo abẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan ti tẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń dì í tú u. Ó na ọwọ́ sí mi láìwò mí. Mo mọ ohun tó fẹ́, mo yọ abẹ́rẹ́ ìyá wa nínú dúrọ́ọ̀, mo fi lé e lọ́wọ́. Ó na ẹsẹ̀ yẹn padà, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó ń jí ọmọ tó sùn. Ó wọlé. Ó de fáànù. Ó tanná.

Fáànù yí. Ojú ẹ̀rọ dúdú.

Ó ṣì dúdú. Mo ń gbàdúrà níkùn. Rọra kò gbọ́wọ́ kúrò lára tábìlì. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ara wọn dáadáa."

Ojú ẹ̀rọ bá tàn gbòò, orúkọ prósẹ́sọ̀ náà sì jáde síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá, bí ẹni tó ń kí wa. Obìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu. "Bàbá mi," ló sọ, kò pariwo. Ó sunkún díẹ̀, ó nu ojú. Lẹ́yìn náà ó palẹ̀ mọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní "ẹ ṣeun" sí ọ̀dọ̀ Rọra pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ló kọjú sí nígbà tó ń sọ ọ́. A gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ títí tó fi dé ìsàlẹ̀.

Mo ń retí kí ẹ̀gbọ́n mi bú mi. Kó kàn bú mi. Ó nu tábìlì, ó ní, "O ṣe é dáadáa, Ata." Ìyẹn ló wá dùn mí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ yẹn, kò rọ́ àlá kankan mọ́ láàárọ̀. Ó ṣì ń lọ aṣọ. Tó bá ti dé àkókò yẹn lọ́sàn-án, á kàn wo àpótí, á tún máa bá iṣẹ́ lọ. Mo ń bá gbogbo oníbàárà jà, torí mi ò lè bá a jà. Mo fi ọwọ́ ara mi ṣe é, mi ò sì mọ bóyá mo tún nǹkan kan ṣe tàbí mo bà á jẹ́.

Ó ṣe díẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan, Rọra ti fi alárinà tún bọ́ọ̀dù ẹlòmíì ṣe tán, ó ń nu ìpara kúrò lórí rẹ̀. A gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Obìnrin náà yọ lẹ́nu ọ̀nà. Kò gbé páálí, kò gbé ìborùn, kò gbé nǹkan kan.

Mo ní, "Kí ló bàjẹ́?"

"Kò sí."

"Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Wọ́n ti gba àwòrán náà. Wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀." Ó wá wo Rọra. "Inú ṣì ń bí mi o."

Rọra ní, "Ó yẹ kó bí yín."

"Mo ti gbìyànjú àtibínú nílé. Kò rọgbọ." Ó wo àyíká yàrá. "Mo fẹ́ jókòó bínú níbí."

Orí àpótí kún fún ẹ̀rọ oníbàárà. Ìjókòó méjì ló wà níbẹ̀. Rọra wà lórí ọ̀kan. Ẹ mọ ẹni tó wà lórí èkejì.

Mo dìde. Mo gbọn ìjókòó mi nù, bí ẹni pé eruku wà lórí rẹ̀, mo tì í súnmọ́ tábìlì. Mo gbé báàgì mi.

Rọra ní, "Ata, níbo?"

"Mo fẹ́ ra nǹkan."

"Kí ni?"

"Ẹ má bi mí."

Mo rí i tó gbé alárinà sínú ike, tó dé e. Ó ní, "O ṣeun, àgbà," bó ṣe máa ń wí, ṣùgbọ́n nígbà tó wí i, èmi ló ń wò, ojú rẹ̀ sì kún fún omi. Mo fa ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Mo gbọ́ ohùn obìnrin náà, mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn ju èyí tó ti sọ látìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ó ń rọ́ àlá fún un.

Mi ò dé ìsàlẹ̀. Mo jókòó lórí àtẹ̀gùn, ẹkún gbé mi, mo sun ún bí ọmọdé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ di irun fún. Bàbá tó ń ṣọ́ ilé gòkè wá, ó dúró tì mí.

"Háà, Ata! Ta ló bá ọ jà?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó bá mi jà, Bàbá. Kò sẹ́ni tó kù tí mo lè bá jà."